Kọ́bọ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́sàn-án: bí mo ṣe tún ètò ẹgbẹ́ kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjọ́ kìíní, Ìṣẹ́gun

Ìyá Akápò pè mí kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Àwọn ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò kan ní Takie, èmi sì ni mò ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ fi ń ka àdáwó, ẹ̀yáwó àti èrè ìpín ọdọọdún. Wọn kì í pe ènìyàn láàárọ̀ kùtù torí ìkíni.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ ẹ ti jí kọ́bọ̀ mẹ́ta wa."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi bírò ro ìpín gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀, ó sì fi kọ́bọ̀ mẹ́ta dín sí àpapọ̀ tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Mo ṣí kóòdù, mo rí i. Ètò náà ń gé ìpín kọ̀ọ̀kan sí kọ́bọ̀ tó sún mọ́ ọn jù nígbà tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ síta, ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì gé ló ń rò pọ̀ nísàlẹ̀. Ìwé ń sọ tirẹ̀, àpapọ̀ ń sọ tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èdè Java ni wọ́n fi kọ ètò náà, `double`, irú nọ́ńbà tí ìdá rẹ̀ kì í sábà pé géérégé, sì ni ẹni tó kọ ọ́ ṣáájú mi fi ń ka owó, èyí tí kò yẹ kí a fi ka owó rárá. Mo sọ ọ́ di `BigDecimal`, tó ń pa kọ́bọ̀ mọ́ bó ṣe rí gan-an, mo ní kí ó kọ́kọ́ gé ìpín kọ̀ọ̀kan kó tó rò wọ́n pọ̀. Mo bi Ìyá Akápò pé èérún tó bá kù ńkọ́? "Àpò ẹgbẹ́ ni kó lọ. Ibo ni ì bá tún lọ?" Ogún ìṣẹ́jú, mo parí.

Ó wá ku kí n kọ́ ọ.

Èdè wa dára fún ọ̀rọ̀ yìí. À ń kọ kóòdù, lẹ́yìn náà a óò kọ́ ọ. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló la iṣẹ́ méjèèjì láàárín. Kíkọ ni èyí tí èmi pẹ̀lú bọ́tìnnì jọ ń ṣe. Kíkọ́ ni kí o kó ohun tí o kọ, àti gbogbo láíbìrì (kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) tí ó gbára lé, kí o tò wọ́n jọ bí ẹni ń mọlé títí yóò fi di ohun tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ kó ṣí. Gbogbo ọgbọ́n mi láti ọdún yìí wá, orí ti àkọ́kọ́ ni mo ná an sí.

Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń kọ́ ètò náà ti kú ní oṣù kẹfà, lọ́jọ́ tí iná dé lójijì tó sì lágbára ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbà lọ. N ò banú jẹ́ nígbà náà torí kóòdù wà nínú Git, tó ń pa kóòdù àti ìtàn àyípadà rẹ̀ mọ́. Àfi ìgbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà tuntun tí mo rí i pé fódà `lib`, níbi tó yẹ kí àwọn láíbìrì wà, kò sí níbẹ̀. Nínú fáìlì `.gitignore`, tó ń sọ ohun tí Git kò gbọ́dọ̀ pa mọ́, ìlà kan dá dúró: `*.jar`, ìyẹn gbogbo fáìlì láíbìrì Java. Ta ló kọ ọ́? Mo wo ìtàn Git. Èmi ni.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú

Ibì kan ṣoṣo tí àwọn láíbìrì náà ṣẹ́kù sí ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Mo gun ọ̀kadà láti Under G lọ sí Takie, mo da fódà `lib` inú kọ̀ǹpútà Ìyá Akápò sórí fláṣì. Jar mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Bàbá Akọ̀wé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ń wò mí láti orí gíláàsì wọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. "Ti Excel yẹn ńkọ́? Ṣé o ti rí nǹkan ṣe sí i?" Ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé bí àwọn bá fẹ́ kó orúkọ àwọn tó jẹ ẹ̀yáwó sínú fáìlì Excel, ètò náà á kàn pa rẹ́, ti Ìyá Akápò sì ń ṣe é geere. Ìdáhùn mi nígbà náà ni pé kí wọ́n rọra máa tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n yanjú eléyìí ná, sà."

Ilé ni mo ti rí ìṣòro gan-an. Ìdajì àwọn jar náà ni wọ́n ti yí orúkọ wọn padà: `poi.jar`, `mysql.jar`, `log.jar`. Kò sí nọ́ńbà ẹ̀dà lára wọn. Àgbo inú ìgò tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì ni. Ẹni tó sè é nìkan ló lè sọ egbò tó wà nínú rẹ̀. Fáìlì `build.xml` tí wọ́n fi ń darí Ant, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ètò tẹ́lẹ̀, ò ràn mí lọ́wọ́, torí ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé kí a lọ wá láíbìrì lórí Desktop ẹnìkan lórí `C:`. Desktop náà àti ẹni tó ni ín, ẹni tó kọ ètò ṣáájú mi, ti wà ní Kánádà. Mo kọ̀wé sí i lórí WhatsApp. Ó dáhùn lóru: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò rántí mọ́. Jar tó bá ti ṣiṣẹ́ nígbà yẹn ni mo kàn ń jù sí i."

Mi ò bínú. Báyìí náà ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́bọ̀

Ọmọ LAUTECH kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lásìkò yìí. Mo gbé iṣẹ́ ìdánimọ̀ fún un, àwa méjèèjì sì jọ ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé zip lásán ni jar. Tú u, wo inú `META-INF`. Bí ó bá jẹ́ pé Maven, irinṣẹ́ ìkọ́ ètò mìíràn, ni wọ́n fi kọ́ ọ, wàá sábà rí `pom.properties` níbẹ̀, tí ó kọ orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ láíbìrì àti ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Méjìdínlógún jẹ́wọ́ báyẹn. Èyí tí kò bá ní in, wo `MANIFEST.MF`, ìlà `Implementation-Version`: mẹ́jọ. Mẹ́rin ò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, a bá fi `sha1sum` ṣírò àmì ìka ọwọ́ wọn, a fi nọ́ńbà náà wá wọn lórí ojú ìwé ìṣàwárí Maven Central, àká ńlá tí Maven ti ń mú láíbìrì wá. Bí wọ́n tilẹ̀ yí orúkọ fáìlì padà, SHA-1 rẹ̀ ò yí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde.

Ó ku ọ̀kan, `oro.jar`, tí ayé ò mọ̀ rí. A fi `javap` wo inú rẹ̀: kíláàsì kan péré, tó ń sọ iye owó di ọ̀rọ̀ fún rìsíìtì. Ọmọkùnrin Kánádà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kóòdù rẹ̀ sì ti sọnù. A tún un kọ sínú ètò gan-an, kò tó ọgọ́rin ìlà. Ọmọ iṣẹ́ mi bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí kò fi Yorùbá tẹ̀ ẹ́?" Mo ní kó gbìyànjú. Ó débi 44, mẹ́rìnlélógójì, àròpọ̀ ni, ó dùn mọ́ ọn. Ó dé 45, márùndínláàádọ́ta: ó di ìyọkúrò, tí a sì ń yọ ọ́ kúrò lára àádọ́ta tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó ní òun ń lọ jẹun.

Mo fi ìrọ̀lẹ́ yẹn pinnu pé Ant ò ní padà wá. Kì í ṣe pé Ant burú. Láti 2000 ni James Duncan Davidson ti gbé e jáde, ó sì ń ṣe ohun tí o bá ní kó ṣe, ní títẹ̀léra: pa èyí dà, di tọ̀hún sínú zip. Ohun tí kò mọ̀ fúnra rẹ̀ ni ibi tí láíbìrì ti ń wá. Maven, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2004, ló sọ ìyẹn di iṣẹ́ tirẹ̀: o kọ orúkọ àti ẹ̀dà ohun tí o fẹ́ sínú `pom.xml`, ó lọ mú un wá láti inú àká ńlá kan, ó sì pa á mọ́ sínú àká kékeré tìrẹ ní `~/.m2`.

Nígbà tí mo wo àwọn ìlà `import` nínú kóòdù wa, láíbìrì méje péré ni a ń pè ní tààrà. Àwọn yòókù wá torí àwọn méje yẹn ni. Bí o bá pe ènìyàn méje síbi ìnáwó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó mọ̀ ọ́n tì pé kì í ṣe abọ́ méje lo máa bù. Nínú `lib` àtijọ́, ẹnìkan ní láti máa fọwọ́ pe gbogbo àlejò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Maven ń bi àwọn méje pé ta lẹ mú dání.

Ọjọ́ kẹrin, Ẹtì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ `mvn package`, ó dá mi lóhùn: `501 HTTPS Required`.

Èyí fi mí ṣẹ̀sín díẹ̀. `settings.xml` ọjọ́ pípẹ́ ni mo dà kọ láti inú fláṣì, àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `http://`. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2020 ni Maven Central ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Ìdí rẹ̀ sì dáa: láíbìrì tó bá gba ojú ọ̀nà tí kò ní ìbòrí kọjá, ẹnikẹ́ni tó bá dúró lójú ọ̀nà lè pààrọ̀ rẹ̀. Mo pa fáìlì náà rẹ́ pátápátá, torí Maven mọ ọ̀nà ilé Central láìjẹ́ pé mo júwe.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọjà. Ẹni tí kò bá tíì lo Maven rí lórí kọ̀ǹpútà tuntun yóò rò pé ó ń ṣí kiri: kì í ṣe láíbìrì rẹ nìkan ló ń mú wá, ó ń mú irinṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa fi ṣiṣẹ́ náà wá. Détà mi tán lágbedeméjì. Mo ra òmíràn, mo tún un tẹ̀, Maven ní òun ti wá láíbìrì kan tẹ́lẹ̀, òun ò rí i, òun ò sì ní wá a mọ́ títí àkókò kan á fi pé. Ó ti fi fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.lastUpdated` ṣe àmì sínú àká. `mvn -U` ni a fi ń bẹ̀ ẹ́ kó tún gbìyànjú.

Iná lọ ní aago mẹ́rin. Mi ò tan jẹ́nẹ́ torí Maven.

Ọjọ́ karùn-ún, Àbámẹ́ta

Mo dúró de détà òru. Láàárín aago kan sí aago mẹ́ta ni mo tẹ `mvn dependency:go-offline`, tó yẹ kó kó gbogbo ohun tí mo nílò wá sílé lẹ́ẹ̀kan. Àká mi ga díẹ̀ ju 150 MB lọ nígbà tó parí. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí fláṣì méjì.

Àwọn kan á ní kí ni mo ń pamọ́, ṣé Central ń sá lọ ni? Kò ń sá lọ. Wọn kì í sábà yọ ohun tí wọ́n bá ti gbé sí i. Ṣùgbọ́n mo rántí oṣù kẹta 2016, nígbà tí ẹni tó kọ `left-pad`, ìlà mọ́kànlá péré, yọ ọ́ kúrò nínú npm, àká láíbìrì àwọn tó ń kọ JavaScript, tí iṣẹ́ àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí sì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri ayé. Àti pé, ní tiwa níbí, àká lè wà níbẹ̀ kí ọ̀nà má sí.

Ọjọ́ kẹfà, Àìkú

Mo lọ ìnáwó. Wọ́n se láfún.

Ọjọ́ keje, Ajé

Mo yọ módẹ́ẹ̀mù kúrò, mo tẹ `mvn -o verify`. Lẹ́tà `-o` yẹn ń sọ fún un pé kó má fẹsẹ̀ kan ìta. Ó kọ́ kóòdù, ó dé ibi àyẹ̀wò, ó dúró: kò rí `surefire-junit-platform`. Mo bú `go-offline`. Surefire tó ń darí àyẹ̀wò kì í mọ olùrànlọ́wọ́ tó máa nílò àfi ìgbà tó bá rí irú àyẹ̀wò tí o kọ, nítorí náà `go-offline` ò bá a mú un wá. Ohun tó dájú ni kí o ṣe iṣẹ́ náà já dópin lẹ́ẹ̀kan tí nẹ́tíwọ́kì wà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún yọ módẹ́ẹ̀mù, àyẹ̀wò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ti kọ́bọ̀ yege. Ti Excel ṣubú: `NoSuchMethodError`.

Mo gbọ́dọ̀ dúró síbí. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti kóòdù tí kò pé. Kóòdù ti kọjá lọ́dọ̀ javac, olùtúmọ̀ kóòdù Java, láìní àléébù. Ohun tó ń sọ ni pé nígbà tí ètò ń rìn, ó ké sí ọ̀nà kan (method, iṣẹ́ kan tó ní orúkọ) nínú kíláàsì kan, kíláàsì wà, ọ̀nà ò sí. Ó túmọ̀ sí pé láíbìrì méjì tí kì í ṣe ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé. Mo tẹ `mvn dependency:tree`, tó ń fi igi láíbìrì hàn, mo sì rí POI, láíbìrì tó ń bá wa kọ fáìlì Excel:

`poi:3.17`
`poi-ooxml:4.1.2`

Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú `lib` àtijọ́, `poi.jar` wà, `poi-4.1.2.jar` náà sì wà, manifest `poi.jar` ní 3.17 ni òun. Mo rò pé èyí tí kò ní nọ́ńbà ni àgbà, tí ètò mọ̀, mo fi òun sínú pom. `poi-ooxml` 4.1.2 ń wá `poi` 4.1.2 lọ́dọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n òfin Maven ni pé èyí tó bá sún mọ́ gbòǹgbò igi jù ló borí, tèmi ló sì wà ní ẹsẹ̀ gbòǹgbò. Àwọn tó ni POI kọ ọ́ gbàǹgbà pé kí a má dà jar oríṣi ẹ̀dà méjì pọ̀. Mo yọ 3.17, Excel yege.

Ibi tí mo ti ń fa ìlà yẹn yọ ni ara mi ti tutù. Bí àwọn méjèèjì bá wà nínú `lib` ní ọ́fíìsì, èwo ni ètò ń lò níbẹ̀? Fáìlì tó ń ṣí ètò kọ `lib/*`, ìyẹn gbogbo jar inú `lib`, ìwé Java fúnra rẹ̀ sì sọ pé bí jar inú irú fódà bẹ́ẹ̀ ṣe máa tò léra kò dájú, ó lè yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Windows ni Ìyá Akápò ń lò. Kọ̀ǹpútà Bàbá Akọ̀wé ti darúgbó, èmi ni mo gbé Ubuntu, irú Linux kan, sórí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá kó lè yára. Lọ́dọ̀ Ìyá Akápò, 4.1.2 ló ń kọ́kọ́ jáde. Lọ́dọ̀ Bàbá, 3.17 ni. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń sọ fún tíṣà àgbà pé ọwọ́ wọn ni.

Ọjọ́ kẹjọ, Ìṣẹ́gun

Torí pé orúkọ gbogbo láíbìrì ti wà lójú ìwé kan báyìí, mo lè kà á. `log.jar` yẹn jẹ́ log4j-core 2.11.1, láíbìrì tó ń kọ ohun tí ètò ń ṣe sílẹ̀, ó wà láàárín àwọn ẹ̀dà tí ihò ààbò oṣù Kejìlá 2021 wọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Log4Shell. Nígbà tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, mo bi ara mi bóyá ó kàn wá, mo wo `lib`, mi ò rí ohunkóhun tó ń jẹ́ log4j, mo sùn. 2.17.1 ni mo fi rọ́pò rẹ̀: nọ́ńbà kan ni mo yí padà.

Mo tún ní kí Maven máa kọ orúkọ láíbìrì kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò, sínú manifest jar wa, kí `lib/*` lè sinmi.

Ó ku kí ó máa dá kọ́ ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, RAM rẹ̀ ò ju 2 GB. Mi ò gbé Jenkins, ètò ńlá tó ń dá kọ́ kóòdù, sí i. Yóò jẹun tán kó tó ṣiṣẹ́. Mo ṣe àká Git síbẹ̀, mo kọ `post-receive`, ìwé kékeré tí Git máa ń ṣe nígbàkúùgbà tí a bá ti kóòdù sí i: gbé kóòdù jáde, tẹ `mvn -o -B clean verify`, bí ó bá yege da èsì rẹ̀ sínú fódà tó ní déètì. Bí kò bá yege, kó má dà nǹkan kan. Mo mọ̀ pé GitHub Actions, tó ń kọ́ kóòdù lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, á ṣe é, lórí détà àwọn ẹlòmíràn pàápàá, mo sì lè lò ó fún iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí gbọ́dọ̀ ṣeé kọ́ lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́kì bá lọ sinmi.

Ó kọ̀ jálẹ̀ ní wákàtí méjì àkọ́kọ́: `fatal: not a git repository: '.'`. Fódà náà sì rèé níwájú mi, Git ló wà nínú rẹ̀! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Git máa ń fi `GIT_DIR` sílẹ̀ ní `.` nígbà tó bá ń ṣe `post-receive`. Bí o bá `cd` lọ síbòmíràn, `.` yẹn ti di ibòmíràn. `unset GIT_DIR`, ó tán.

Lẹ́yìn náà mo fún ọmọ iṣẹ́ mi ní fláṣì kan àti kóòdù, mo ní kó lọ kọ́ ọ lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, kó má bi mí ní ìbéèrè kankan. Ní 1976, ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà, Stuart Feldman ṣe Make torí pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi odidi àárọ̀ kan wá àṣìṣe nínú ètò tó ti tún ṣe tán, tó kàn gbàgbé pé òun ò tíì tún un kọ́. Mo ń sọ ìtàn yìí fún un lọ́wọ́ nígbà tó yí ojú láptọ́ọ̀pù sí mi: `BUILD SUCCESS`. Kò dúró gbọ́ ìparí.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Ọjọ́rú

Òjò ń rọ̀ ní Takie. Mo pa `lib` àtijọ́ rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, mo gbé tuntun síbẹ̀. Mo ní kí Bàbá Akọ̀wé wá tẹ Excel. Wọ́n nu gíláàsì, wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́, bí mo ṣe kọ́ wọn láti ọdún tó kọjá. Orúkọ àwọn ajẹgbèsè tò sílẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Sà, ẹ má bínú. Kì í ṣe ọwọ́ yín. Láti ọ̀dọ̀ mi ni."

Wọ́n wo orúkọ orí ìwé náà títí dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. "Mo kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún márùndínlógójì. Mo mọ ìgbà tí ọmọ bá ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru báńṣì." Wọ́n ní kí n dìde.

Ìyá Akápò ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ti tẹ ìwé èrè ìpín jáde, wọ́n ń fi bírò tò ó láti òkè. Wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún un rò. Ó dọ́gba. Wọ́n fi ìka sí ìlà tó kẹ́yìn, Àpò Ẹgbẹ́, ₦0.03, wọ́n ṣí ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù wọn, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀.